Aṣọ Márùn-ún fún Ọmọ Tó Wà ní Kùmásí

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n Ìwó ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, ní yàrá iwájú ilé bàbá mi, lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ elẹ́sẹ̀ kan, tábìlì ìgéṣọ kan, àti dígí gígùn kan tí èèyàn lè fi wo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Dígí yẹn ló jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù mi tètè gbayì. Àwọn obìnrin a máa yà wọlé láìmú aṣọ kankan lọ́wọ́, wọn á ní àwọn kàn ní kí àwọn kí mi ni, ṣùgbọ́n ojú wọn á ti wà lára dígí.

Ọdún Iléyá ni iṣẹ́ wa. Bó bá ti ń ku oṣù kan kí wọ́n pàgbò, àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Góòlù Kóòsì, tó di Gánà lónìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, Kùmásí ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Ohun tí wọ́n bá wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa béèrè. Lọ́dún kan, apá aṣọ wú ní èjìká bí ẹni ki òwú bọ̀ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, apá tó wú ti di ti ará oko, aṣọ tó fún pinpin ní ìbàdí ló gbòde. Ẹni tó bá wọ ti èṣí, ojú ni wọn á fi máa bú u. Èmi kì í dúró kí wọ́n wá júwe fún mi. Ìdí ọkọ̀ ni mo ń lọ, mà á dúró bí ẹni tó ń retí ẹrù, mà á sì máa fojú ka gbogbo ìṣẹ́po ara aṣọ wọn.

Ìyá kan wà ní agboolé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, aláró ni. Ẹ̀lú ti pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láró dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, àbúrò bàbá ọmọ náà sì ti mú un lọ sí Kùmásí láti lọ kọ́ òwò nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́dún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá náà wọlé wá, ó gbé àǹkárá tuntun lé tábìlì.

"Ọmọ mi ló ni ín," ó ní. "Ó lè dé nígbàkigbà. N kò fẹ́ kó dé kó má rí aṣọ ọdún wọ̀."

"Ẹ kú ìnáwó, ìyá. Ṣé ẹ mú ìwọ̀n rẹ̀ wá?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ àti òun lẹ rí bákan náà. Èjìká yín, ọrùn yín. Fi ara rẹ wọ̀n ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gé aṣọ ọmọ ọlọ́mọ sí ara mi. Nígbà tí mo rán an tán, ó ní kí n wọ̀ ọ́ kí òun rí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn kí aró má baà kan aṣọ, ó ní, "Rìn díẹ̀." Mo rìn. "Yí ẹ̀yìn." Mo yí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, èmi náà sì ń ṣe àmín, kí n tó mọ̀ pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè, kì í ṣe tèmi.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ìyá tèmi ti kú láti kékeré mi. Kò sẹ́ni tó fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí rí.

Ọmọ náà kò wálé lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, ìyá tún gbé aṣọ mìíràn wá. "Ti èṣí ti kọjá lọ," ó ní. "Wọn ò ní fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́." Mo tún fi ara mi wọ̀n ọ́n, mo tún rìn, mo tún yí ẹ̀yìn.

Lọ́dún kẹta, obìnrin kan tó ti Kùmásí dé wá rán bùbá lọ́dọ̀ mi. Mo ń fi téèpù wọn àyà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí aṣọ tí mo fi kọ́ ara ògiri, ó ní ta ló ni ín. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọmọ aláró? Èyí tí wọ́n jọ ń ta abọ́ pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀? Háà. Ọmọ yẹn ti kú. Ilẹ̀ẹ́gbóná ló pa á. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ín."

"Ṣé ẹ fojú rí i?"

"N kò fojú rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò parọ́ ikú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Jọ̀ọ́, má sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ."

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ọdún bá kọjá, mà á sọ fún ìyá. Ọdún kọjá. Mo ní kí òjò dá. Òjò dá. Nígbàkigbà tí ìyá bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, tó sì ju ọwọ́ sí mi, èmi náà a ju ọwọ́ padà, mà á sì tẹjú mọ́ aṣọ tí mo ń rán.

Ṣùgbọ́n kí Iléyá ọdún kẹta náà tó kọjá, mo ní láti wọ aṣọ kẹta kí ìyá rí i. Ọ̀sán gangan ni, ìyá wà lórí àpótí, èrò ń lọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Bí aṣọ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn báyìí, orí mi wú. Mo wo dígí, n kò mọ ẹni tí mo ń wò. Bí mo bá gbé ọwọ́, ẹni inú dígí á gbé ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e. "Rìn díẹ̀," ni ìyá wí. Mo rìn, n kò wo dígí mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí aṣọ ọmọ yẹn bá ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ni mo fi ń bo dígí títí oníbàárà yóò fi dé. Síbẹ̀ mo rán ìkẹrin. Ta ni yóò sọ fún ìyá pé kó má ránṣọ fún ọmọ rẹ̀ mọ́?

Lọ́dún karùn-ún, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án, oòrùn yọ. Mo ń fi ọwọ́ rán ọrùn aṣọ karùn-ún nígbà tí ọmọbìnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, àpótí lórí. Irin ọkọ̀ ti fa apá aṣọ rẹ̀ ya.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gán apá yìí. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi rí mi báyìí."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ aláró, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí."

Abẹ́rẹ́ gún mi, n kò mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kò jọ mí. Kò jọ mí rárá. Ó kúrú, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ rí róbótó. Ó wo aṣọ ọwọ́ mi, ó ní, "Aṣọ yìí mà dáa o," ó sì na ọwọ́ sí i.

Mo fò dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. "Àkúdàáyà! Ẹ gbà mí o! Ọmọ aláró tó kú ní Kùmásí ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi!"

Ẹni tó kú tó lọ ń gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n là ń pè ní àkúdàáyà. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n rò ó pé àkúdàáyà kì í wálé wá bá ìyá rẹ̀.

Àwọn èèyàn sáré jọ. Nígbà tí a jọ yọjú wọlé, ó ṣì dúró níwájú dígí tí mo faṣọ bò, àpótí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ariwo, ó já àwọn èrò kọjá, aró ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, pa á lẹ́yìn, ìka aró sì hàn ní gbogbo ara aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ bọ̀ láti Kùmásí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, obìnrin tó sọ̀rọ̀ ikú náà fún mi, tí òun náà wálé ọdún, ti wá kúnlẹ̀ bẹ ìyá. Ọmọ Kúta kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ló kú, ó ní àṣìgbọ́ ni. Gbogbo ìlú gbọ́ àlàyé náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Nígbà tó gbé abọ́ lọ sọ́jà, àwọn obìnrin ní kó gbé e sílẹ̀ kí àwọn tó mú un. Ìdílé kan ní Ilé-Ogbó tó ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn ní àwọn ń ronú, wọ́n sì ronú lọ ráúráú. Kọ́là aṣọ tó wọ̀ dé yẹn fẹ̀, ó tẹ́ sí èjìká méjèèjì bí ewé. Ká ní n kò pariwo ni, òun ni gbogbo Ìwó ì bá wọ̀ lọ́dún yẹn. Ẹyọ ẹnì kan kò béèrè fún un.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá kó aṣọ márààrún padà wá, òun àti ọmọ rẹ̀.

"Kò sí èyí tó bá a mu," ó ní.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi ni mo ní kó o fi ara rẹ wọ̀n ọ́n. Mo rò pé mo rántí bí ọmọ mi ṣe rí." Ó jáde lọ dúró síta.

Mo mú téèpù. N kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ara rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn mí dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rí i pé ó gbóná?"

Ó gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo obìnrin ń wá. Tiyín ni wọn á gbà gbọ́, ẹ̀yin lẹ pariwo."

Mo ní mà á sọ. Mo tú àwọn aṣọ náà, mo fẹ èjìká, mo dín gígùn wọn. Lọ́sẹ̀ kan náà, oníbàárà kan rí wọn lórí tábìlì. Ó fa àrán tirẹ̀ mọ́ra. "Ṣé kò fọwọ́ kan tèmi ṣá?" ó béèrè.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rárá, kò kàn án." N kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀rù ń bà mí kí ṣọ́ọ̀bù mi má dà bí ibi tí òkú ti ń wọ aṣọ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn béèrè, mo tún dáhùn bákan náà, títí tó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà padà sí Kùmásí, ìyá rẹ̀ sì bá a lọ. N kò lọ sídìí ọkọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo gbọ́ pé ó bí ọmọ mẹ́ta níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìyá dàgbà sí tó fi kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Wọn ò wá sí Ìwó mọ́.

Ojú mi ti ń di bàìbàì báyìí, n kì í ránṣọ mọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí ń sọ ìtàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé láyé ijọ́hun, àkúdàáyà kan wá rán aṣọ ní Ìwó yìí, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, pé dígí kò mú òjìji rẹ̀.

"Irọ́ ni," mo ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Èèyàn ni. Mo fọwọ́ kàn án."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kó má baà dà bí ẹni tó ń bá àgbà jiyàn. "Ẹ má bínú, ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aránṣọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí i."

Mo ní òótọ́ ni, ó fi ojú rí i. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pín oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń dìde lọ.