Orúkọ Tí N Kò Pè

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Sakété: òórùn gàrí tó ń gbóná nínú agbada ìyá mi, àti òórùn eruku tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àwọn kọ̀ǹpútà bàbá mi. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Ìyá mi ń yan gàrí lábẹ́ páànù lápá ọ̀tún, bàbá mi sì ní ṣọ́ọ̀bù sibẹ́ẹ̀ lápá òsì, níbi táwọn èèyàn ti ń wá kọ lẹ́tà sáwọn ọmọ wọn tó wà ní Faransé àti ní Gàbọ́ọ̀n. Bí kúràn, ìyẹn iná mànàmáná, bá ti dé, ẹ̀rọ márààrún á kọ hùùù lẹ́ẹ̀kan náà, eruku pupa tó ti bà lé wọn á gbóná, òórùn rẹ̀ á sì gba orí ògiri bọ́ sínú ti gàrí. Títí di òní, bí mo bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan tó ti pẹ́, ẹnu mi a máa tomi. N kì í sọ ìdí rẹ̀ fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí rẹsó ṣe rí nígbà náà. Ó lè lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó má padà títí di Ọjọ́bọ̀. Rẹsó ni gbogbo wa ń pe ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà kan bá èkejì sọ̀rọ̀. Faransé ló ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà. Ó máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé "so" tó wà níparí rẹ̀, ti Yorùbá ni, pé òun ló so Sakété mọ́ gbogbo ayé. Àwọn tó gbọ́ Faransé a máa rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ a máa mi orí. Èmi gbà á gbọ́ pátápátá. Mo rò pé okùn kan wà lóòótọ́ tó gba abẹ́ ilẹ̀ pupa wa kọjá, táwọn èèyàn tín-ín-tín ń rìn nínú rẹ̀ lọ rìn nínú rẹ̀ bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, bàbá mi di àpò wáyà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó ń lọ sí Pobè láti lọ fa rẹsó wọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Sìdí, mò ń bọ̀." Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń jáde nílé kì í sọ pé òun ń lọ. Mò ń bọ̀ ló máa ń sọ, kódà bó bá ti kẹ́yìn sí wa. Kò dé Pobè. Ọkọ̀ agbégi kan kọ lù ú lójú ọ̀nà. Pobè tó ń lọ náà ni wọ́n sin ín sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi èmi sílẹ̀ ní Sakété pé ọmọdé ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. N kò rí òkú, n kò rí sàréè. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, eruku gbóná lẹ́yìn ẹ̀rọ, gàrí sì ń ta sánsán bó ṣe máa ń ta. N kò sunkún. N kò rí ohun tí mo fẹ́ sunkún sí.

Dàda Rafíà ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nígbà tí kò sí ẹ̀kọ́, àti lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Dàda là ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ilé wa ló ń gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tọ́ntọ̀n, bí Faransé ṣe ń pe àbúrò òbí ẹni, ló ń pe bàbá mi, òun ló sì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ọ̀rẹ́ Dàda Rafíà kan láti Kútọnu ti fi eré kan hàn án. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á wọ inú ìtàn náà, oníkálukú á jẹ́ ẹni tó bá wù ú, á sì máa sọ ohun tó ń ṣe. Ẹyọ lúdò ló ń dájọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ohun tó o sọ ṣẹ. Bó bá jẹ́ ení, o gbé. Kò sí pátákó, kò sí ọmọ ayò, àfi ìwé alákọsílẹ̀ Dàda Rafíà tó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ ká má bàa yọjú wò ó.

Àwa méjì là ń bá a ṣe é. Èmi ni Ọdẹ Wáyà. Félí, ọmọ aládùúgbò wa, ni Aṣọ́nà. Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn òbí Félí ń lọ, ìyẹn àwọn tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ àdúrà, bó sì ṣe wọ aṣọ funfun nínú eré, ó kọ̀ jálẹ̀ láti wọ bàtà níbẹ̀ pẹ̀lú. Odindi ọ̀sán Ọjọ́rú kan la fi ń bá a jà lórí bàtà tí kò sí. Fáànù ń kọrin, oorun ń gbé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ojú ọ̀nà Pobè ń gbóná lóde, àwa sì wà nínú wáyà, à ń rìn.

Eré náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá. Dàda Rafíà mú tirẹ̀ láti ẹnu Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi ní Pobè, tó máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà fún wa nígbà ìsinmi. Ẹ mọ àkúdàáyà: ẹni tó kú láìtó àkókò, tó lọ tẹ̀dó sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó ń jẹun, títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan á rí i, á pè é lórúkọ. Lójú ẹsẹ̀ ló máa pòórá, wọn kò sì ní rí i mọ́ láéláé. Dàda Rafíà ní ayé ìsinsìnyí ti yàtọ̀, pé ìlú kò sí mọ́ tí wọn kì í ti í mọ èèyàn, torí náà àkúdàáyà tiwa ti wọ rẹsó lọ. Ó ń ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Ó ń ka lẹ́tà oní-lẹ́tà. Bí rẹsó bá lọ, òun ló fà á tira. Ọfà kò ràn án, iná kò ràn án, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè lé e. Bí a kò bá sì lé e, yóò gbé gbogbo Sakété mì.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tá a bá borí, ó ń fún wa ní àmì kan nípa ẹni tó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Àkọ́kọ́: ojú ọ̀nà ló kú sí. Èkejì: kò parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta: ó gbé okùn. Lálẹ́ ọjọ́ ẹ̀kẹta yìí n kò lè jẹun. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà ní kọ̀rọ̀, mo wo àdírẹ́sì rẹsó bàbá mi tí wọ́n kùn sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi àpótí lẹ́tà tí Dàda Rafíà ní lórí rẹsó kọ̀wé sí i. Mo kọ ọ́ ní Faransé ilé ẹ̀kọ́ pé èmi ni, pé gàrí ìyá mi jóná lánàá. N kò tíì gbé ọwọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ tí èsì fi dé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: òun kò sí níbẹ̀ báyìí. Je reviens.

Mò ń bọ̀.

Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo jáde lọ dúró sídìí agbada ìyá mi, mo ń wo èéfín, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ, wọ́n á fẹ́ pè é. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń kọ̀wé sí i. Máàkì ilé ẹ̀kọ́, òjò, ewúrẹ́ Félí tó jẹ ìwé mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń dá mi lóhùn pé òun ń bọ̀.

Ọjọ́rú tá a fẹ́ parí eré dé. A ti lé àkúdàáyà dé inú ẹ̀rọ tó kẹ́yìn, Félí ti dí ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó kù mí ku ẹyọ lúdò. Mo jù ú. Ó yí gba abẹ́ kíbọ́ọ̀dù lọ, ó sì dúró sí mẹ́fà.

"Ó ti tán," Dàda Rafíà sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ìwọ ló wà níwájú rẹ̀, Ọdẹ Wáyà. O mọ orúkọ rẹ̀. Pè é."

"Pè é, Sìdí!" Félí ti dìde dúró. "Pè é kó máa lọ!"

Ohun méjì ló dí mi lẹ́nu. Èkíní, ní ilé wa ọmọ kì í la ẹnu pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá mi pàápàá, Bàbá Sìdí ló ń pè é títí tó fi kú. N kò tíì gbé orúkọ náà sórí ahọ́n mi rí. Èkejì ni pé mo fẹ́ kó máa dá mi lóhùn. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi lé e kúrò níbi tó forí pamọ́ sí, nítorí eré? Mo wo ẹyọ lúdò yẹn títí ojú mi fi ń ṣú. Mo ní, "N kò pè é."

Àkúdàáyà gbé Sakété mì. Félí fi ìbínú lọ sílé wọn, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òun ló ṣòfò. Dàda Rafíà kò bínú. Ó bi mí léèrè ohun tó dé, nígbà tó sì bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣí lẹ́tà náà hàn án. Ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Máa kọ ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n máa fi àmì sórí Faransé rẹ, Tọ́ntọ̀n kò fẹ́ràn àṣìṣe." Ó pa ìwé eré náà dé, a kò sì ṣí i mọ́.

Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ní ọjọ́ kan, èsì mìíràn dé, tí kò ní orúkọ rẹ̀ lókè: àdírẹ́sì yìí kò sí mọ́. Ẹnì kan ti pè é. Mo ro gbogbo èèyàn tó lẹ́nu láti pè é, mo sì rí ẹnì kan péré. Nígbà tí ìsinmi dé tí èmi àti ìyá mi lọ sí Pobè, mo fi ìbínú wo gbogbo ọ̀pẹ tó tò lápá méjèèjì ọ̀nà. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń pa èkùrọ́. N kò tíì kúnlẹ̀ dáadáa tí mo fi bi í.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ pe bàbá mi lórúkọ?"

"Nígbà wo?"

"Lọ́sẹ̀ yìí."

"Lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ òní tí mo jí." Ó fẹ́ èèpo èkùrọ́ kúrò lórí ọlọ. "Bí mo bá ti kírun tán, mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. Ìyàwó rẹ̀ ò lè pè é, ìwọ ò lè pè é. Bí èmi náà ò bá pè é, ta ni ó pè é?"

"Ẹ ò bẹ̀rù kó sá?"

Ó wò mí nígbà yẹn. "Sá kẹ̀? Ọmọ mi? Kí ló fẹ́ sá fún nínú ohùn mi?"

Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń pè é, ojoojúmọ́, gbogbo ìgbà tó ń dá mi lóhùn. Orúkọ kò lé e. Kò sí níbẹ̀ ni. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sì sunkún fúngbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kú, ẹkún tó ní ariwo, tí ìyá mi fi sáré jáde. Ìyá Àgbà kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ti òkúta kan sí mi pé kí n máa pa èkùrọ́.

Iṣẹ́ rẹsó ni mò ń ṣe ní Pobè báyìí, mo sì ti fi ọdún méjì ju ọjọ́ orí tí bàbá mi kú sí lọ. Mo mọ ohun tí èsì yẹn jẹ́. Èmi náà máa ń tò ó sílẹ̀ bí mo bá ń lọ ìsinmi, ẹ̀rọ á sì máa dáhùn fún mi. Ọdún tó kọjá ni Dàda Rafíà sọ fún mi lórí fóònù pé òun lòun tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi ń lọ, ó ní kí Dàda bá òun fi èsì sílẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà, kó kọ ọ́ pé òun ń bọ̀. Dàda Rafíà sì yí i sí Faransé. Bàbá mi ń dágbére lásán bí gbogbo wa ṣe ń dágbére. Inú Faransé ló ti di ìlérí. Mo bi í bóyá orúkọ bàbá mi ló wà nínú ìwé eré náà. Ó ní òun ti gbàgbé. N kò gbà á gbọ́, n kò sì tún bi í.

Mo máa ń ro ọmọ yẹn, tó ní mẹ́fà lọ́wọ́ tó sì pa ẹnu mọ́. Ó láyà jù mí lọ. Ọkàn rẹ̀ le débi pé ó jẹ́ kí wọ́n gbé ìlú rẹ̀ mì nítorí ẹnì kan. Èmi, ohun tí mo ní tí kò ní ni pé mo ti mọ̀ pé n kò lè lé e. Láàárọ̀ òní, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá àwọn ẹ̀rọ níbi iṣẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn èyí tó pẹ́ jù, òórùn eruku gbígbóná yọ, ẹnu mi sì tomi. Ìyá Àgbà ti lọ láti ọdún mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó ń pe bàbá mi lórúkọ láàárọ̀ mọ́. Mo la ẹnu. Ahọ́n mi wúwo bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Lamídì," mo sọ. "Lamídì. Lamídì Àkànní."

Mo dúró díẹ̀, mo ń wò. Kò sí iná kan tó kú lára àwọn ẹ̀rọ náà.