Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá Mi Tó Di Ìkòkò Òdòdó

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìkòkò òdòdó mẹ́rin ló wà lórí tẹlifísàn wa ní àdúgbò Fate, rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi sì ni gbogbo wọn. Bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn: wọ́n á ki rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ bọ omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, wọ́n á dà á bo ìdí agolo mílíìkì, etí rẹ̀ á sì ká wálẹ̀ bí etí gèlè. Òdòdó ọ̀rá ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti ha ni àwọn ẹlòmíràn ń lò. Èyí tó ń dán ni màmá mi sè ní tiwọn.

Olórin fọ́ńkì ni bàbá mi. Ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀, bàtà gogoro, gìtá àti fèrè ń ké lẹ́yìn wọn. Wọ́n lóhùn, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ́ràn ọtí, wọ́n sì fẹ́ràn obìnrin. Orin tó sọ wọ́n di olókìkí ni èyí tí wọ́n fi bẹ màmá mi pé kó ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Orin yẹn kan náà ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn obìnrin káàkiri. Nígbà tó yá, wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn lọ sí Èkó, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Owó tíṣà màmá mi ló tọ́ wa. Ohun tó gbé omi kaná lọ́jọ́ tí màmá mi se rẹ́kọ́ọ̀dù wọn nìyẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi padà wálé. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wá láti Ọ̀mù-Àrán ló mú wọn wọlé, ó ní, “Ìyàwó, ilé làbọ̀ sinmi oko.”

Màmá mi kúnlẹ̀ kí i dáadáa. “Oko wo, sà? Ṣé oko ọtí?” Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dìde ni wọ́n lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ní bàbá nílé. Láràárọ̀ ni mò ń fi ṣíbí fún wọn lógì, wọ́n á sì máa fi ojú bá mi ṣàwàdà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè: wọ́n á na ọwọ́ òsì sí gíramafóònù wa àtijọ́, wọ́n á fi kan etí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn kí wọ́n tó kú. Màmá mi á kàn máa tún òdòdó ọ̀rá wọn tò.

Mo lọ sí àdúgbò Post Office, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ká orin sí kásẹ́ẹ̀tì, bóyá mo lè rí orin wọn níbẹ̀. Bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé.

“Wàláì, mo mọ̀ ọ́n! Ọmọ ẹ̀ ni ẹ́? Bàbá ẹ kọrin o. Àmọ́ lọ́jọ́ tó wá ṣeré níbí, ó ti yó kó tó dé, orí sítéèjì ló sùn sí. Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá rí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, èmi gan-an á rà á.”

Kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí níbòmíràn.

Nígbà tí mo jábọ̀, omijé bọ́ lójú bàbá mi. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n kàn dá orin náà, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọrin ní kwáyà, wọ́n sì ń fà á bí orin ìsìnkú. Gbogbo ẹsẹ ló pé. Níbi tí fèrè ti máa ń wọlé, màmá mi fi dò, mí, sò dí i. Tíṣà ni wọ́n kúkú. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí. Bàbá mi ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga, nígbà tó sì kan ègbè, ohùn kan tó ń gbọ̀n jáde lẹ́nu wọn.

Nígbà tí orin parí, màmá mi fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lórí ẹ̀wà.

“Mi ò tíì dárí jì yín o,” ni wọ́n wí. “Orin yẹn ló dáa.”

Bàbá mi mi orí pé àwọn gbọ́. Màmá mi sì tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀.