Ìdúró Mi Nísàlẹ̀ Òkè Ìgbẹ̀ìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ara mi fún yín. Tí mo bá parí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àbí kẹ́ ẹ ṣe díẹ̀, mo mọ̀ yín!

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ni mo ní ní Ṣàpọ́n, pé mo ti lé lógójì ọdún, àti pé mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe triathlon ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹ óò lúwẹ̀ẹ́, ẹ óò gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ óò tún sáré, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsinmi. Ìyá ọkọ mi ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó ń lé mi. Ọdún kẹfà rèé, mi ò tíì rí èsì fún wọn.

Bísí ló kó mi wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé girama. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, òun náà ló bá mi wá télọ̀ tó rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bò mí látorí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ipò kìíní ni Bísí máa ń ṣe láàárín àwa obìnrin. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kí n tó dé, àwọn tó yá wa ní àga á ti máa kó àga wọn sínú ọkọ̀!

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Oníkálukú ló ní ẹnìkejì tirẹ̀, Kóòṣì tó ń kọ́ wa á sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí nínú wọn kò gbọdọ̀ jókòó. Ńṣe ló máa padà sísàlẹ̀ òkè Ìgbẹ̀ìn lọ dúró de ìkejì, kí wọ́n lè jọ gun òkè náà dé orí rẹ̀, níbi tí eré ti ń parí. Òkè yẹn ló ń pa èèyàn, kì í ṣe omi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Ọdún márùn-ún gbáko ni Bísí fi dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀, omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á pariwo pé, "Rìsì! Ṣé o ń ra ọjà bọ̀ ni?" Á wá máa sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn ní ọsibítù, títí màá fi gbàgbé pé èémí fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìwé ìrìnnà Bísí jáde, ó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú ọba. Lọ́jọ́ tá a dágbére fún un, Kóòṣì ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Gbogbo wọn ń mi orí. Inú bí mi! Ta ló béèrè òwe lọ́wọ́ ẹ̀?

Ẹ ò mọ bí àárò rẹ̀ ṣe ń sọ mí. Tí mo bá wà nínú omi, apá òsì ni mò ń wò, níbi tó máa ń wà. Ó máa ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní òtútù fẹ́ pa òun, iṣẹ́ òru ò jẹ́ kí òun gbádùn, òun ò tíì fẹsẹ̀ kan omi látìgbà tóun ti dé. Á wá béèrè bóyá wọ́n ti dí kòtò tó wà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Wọn ò dí i o!

Kóòṣì ní kí n mú Tóyìn ṣe ẹnìkejì, tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Mo ní kó ní sùúrù. Ó tún béèrè, mo tún ní kó ní sùúrù. Kò béèrè mọ́. Nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé tí mi ò bá lè dá gun òkè Ìgbẹ̀ìn lọ́dún yìí, ó ti parí nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi ti fojú sí kẹ̀kẹ́ mi, mo sì ti ní kó wá gbé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ọjọ́ eré pé. A lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan, gbogbo èèyàn ti jáde nínú omi, èmi ṣì ń ja àjàkú akátá níbẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, àwọn tó ń lọ sóko ń kí mi pé ẹ kú eré. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo rí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé àgbẹ̀ ni, mo kọjá lọ. Mo ti gbà pé èmi ni mo gbẹ̀yìn, ta ni mo tún fẹ́ máa wò?

Mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tí mo dé ìdí igi máńgòrò, ẹsẹ̀ mi dúró.

Mi ò ní in lọ́kàn láti dúró, mo búra! Ẹsẹ̀ mi ṣáà dúró fúnra rẹ̀, mo ń wo orí òkè. Bàbá fọgánáísà tó máa ń jókòó níbẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, "Alájà, ọ̀rẹ́ yín dà?"

Mo ní ó ti rìnrìn àjò, ó wà lókè òkun.

Wọ́n ní, "Ẹ wá ń dúró dè é?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Àgbàlagbà bí èmi, lójú títì, lọ́sàn-án gangan! Mo ti ń wá ọlọ́kadà tó máa gbé mi lọ sílé nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Tóyìn ni. Gíríìsì ti kun gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló yọ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Òun ni mo rí, tí mo pè ní àgbẹ̀!

"Àǹtí Rìsì, ẹ ṣé o!" Ó sáré dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ dúró dè mí! Mo rò pé ẹ ò fẹ́ mi ni."

Ṣé kí n sọ pé kì í ṣe òun ni mò ń dúró dè? Mo gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ bàbá fọgánáísà, mo nà án sí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o ń ra ọjà bọ̀ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. La bá jọ gun òkè. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ, mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ, mo sọ ti oníbàárà kan tó ra ọ̀dà pupa tó ní funfun lòun fẹ́. Ìgbà tá a dókè ni mo tó rántí pé mo ti gùn ún.

Kóòṣì yọ ìwé rẹ̀, ó fẹ́ fa igi lé orúkọ Bísí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò mí, kò pòwe kankan, ó kọ orúkọ Tóyìn sísàlẹ̀ ti Bísí. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀ báyìí.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Bísí, mo sọ òótọ́ fún un pé òun ni mo dúró dè. Ó di ọjọ́ kejì kó tó fèsì, bí iṣẹ́ òru rẹ̀ ṣe parí. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Ó wá ní, "Rìsì, ṣé igi máńgòrò yẹn ti so?"

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo rí i pé àárò ẹnì kan lè bo èèyàn lójú débi tí á fi kọjá lára ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀. Mo sọ fún àbúrò ọkọ mi pé kó má wá gbé kẹ̀kẹ́ mọ́. Àárò Bísí ò sì tíì lọ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Tí mo bá dé ìdí igi yẹn, mo ṣì máa ń wòkè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti dúró dè rí tí kò wá, ta ló sì wá bá yín níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀.

Bísí, tó o bá ń ka èyí: ó ti so.