Ewé Tí Mo Mú Kúrò ní Oríta

Ọjọ́ tí mo mú ewé kúrò ní oríta ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ní ìsinmi gígùn ọdún 1981, mo tẹ̀ lé Bọ̀ọ̀dá Làmídì, àbúrò bàbá mi, gba inú igbó lọ sí oko tuntun tí wọ́n dá lẹ́yìn Ọ̀fàdà. Ìyá àgbà, tí kò dé ibẹ̀ rí, ń rọra bọ̀ lẹ́yìn wa nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Ní oríta, Bọ̀ọ̀dá já ewé tútù, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà apá òsì, wọ́n sì gba apá ọ̀tún kọjá. Èmi ọmọ ìgboro ṣa ewé náà, mo ń fi lé eṣinṣin.

Nígbà tí a dé abà, Bọ̀ọ̀dá wo ọwọ́ mi. “Ewé tí mo fi dí ọ̀nà odò fún ìyá mi lo mú wá yìí?”

Odò ti kún nígbà náà. Mo sáré padà, mo ń pe Ìyá àgbà títí ohùn mi fi há.

Orí gbòǹgbò igi ní oríta ni mo bá wọn, wọ́n ń jẹ obì.

“Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo kó ewé náà.”

“Làmídì kì í kọjá oríta láì fi ewé dí ọ̀nà kan fún mi. Nígbà tí n kò rí ewé, mo jókòó. Fà mí dìde, olè ewé.”

Kí a tó lọ, wọ́n ní kí n já òmíràn, kí n tẹ́ ẹ síbẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó kù lẹ́yìn wa mọ́.

“Ta ló sọ fún ọ?”

Mo já ewé, mo tẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí àmì lójú ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń rò.