Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Inú Pọ́ọ̀sì Mi

Bí ẹ bá bi mí bó ṣe yẹ kéèyàn lo Sátidé nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, màá ní kí ẹ tètè lọ sọ́jà, kí ẹ ra àgbàdo tuntun àti àgbọn bọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹní, kí ọmọ kan sì máa kàwé fún gbogbo ilé. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn jàre. Ọmọ tó kọ́ mi ní ti ìwé kíkà yìí, èmi kọ́ ni mo bí i.

Ọkọ mi ló bí i kó tó fẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ló ti dàgbà kó tó wá bá wa ní Ìgandò lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọmọbìnrin náà níwà. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Ṣùgbọ́n kò tú ẹrù rẹ̀. Aṣọ tó bá fọ̀ tó gbẹ, inú báàgì ló ń dá a padà sí. Ìyá àgbà ti ní bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó padà wá nígbà tí wọ́n bá gba ọlidé. Mi ò fẹ́ kó lọ rárá.

Ẹ wá wò ó bó bá ń kàwé fún àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ méjèèjì tí èmi bí! Bí ọba inú ìtàn bá ń bínú, ojú tirẹ̀ náà á le. Bí ọ̀lẹ bá ń sọ̀rọ̀, á fa ohùn títí àwọn ọmọ á fi máa yí gbiri lórí ẹní. Èmi á dijú bí ẹni tó ń sùn, etí mi á wà níbẹ̀.

Ní Sátidé kan, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fún àwọn kékeré lẹ́sẹ̀. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ fún wọn, mo fi wọn ẹsẹ̀ wọn láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò, mo ṣẹ́ ẹ níbi tó parí sí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn ni màá kì bọ inú bàtà lọ́jà. Ta ló fẹ́ máa wọ́ ọmọ kiri ọjà Ìkọ̀tún? Nígbà tó kan ọmọbìnrin yìí, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Mi ò kúkú ní pẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Òjò ò jẹ́ ká jáde mọ́. A jẹ àgbàdo, ó kàwé, oorun sì gbé mi lọ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Lójú oorun, nǹkan kan fara kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo rò pé eṣinṣin ni, mo ta á dànù.

Nígbà tí mò ń lọ sọ́jà ní Sátidé kejì, mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi kó àwọn ẹyọ ìgbálẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì. Níwájú oníbàtà, mo ṣí i. Méjì ni mo retí. Mẹ́rin ni mo bá, ọmọ náà ti fi òwú pupa so wọ́n pọ̀. Mo mọ ti àwọn kékeré. Ìkẹta gùn jù wọ́n lọ díẹ̀, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Ìkẹrin ló gùn jù, síbẹ̀ kò tó ti bàbá wọn. Mo bọ́ bàtà mi tó ti já, tí mò ń fi gúlù lẹ̀ kiri, mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò lé, kò dín.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàtà, mo bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ṣé kò bá yín mu ni?"

"Ó bá mi mu," mo ní. "Ẹ bá mi wá bàtà sí gbogbo wọn."