Agolo Irun Ìyá Àgbà

Abẹ náà tutù lórí mi bí omi àmù. Ó ń dún fáá, fáá, lẹ́bàá etí mi, òórùn ọṣẹ dúdú sì gba imú mi kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń fá orí mi lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ìlá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni, wọ́n sì ń rán mi lọ sí Kàdúná lọ kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀. Mò ń yí orí kiri.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ó ní. "Ṣé orí àgbò ni mo gbé dání ni?"

Kì í ṣe abẹ ni mo ń bẹ̀rù. Agolo kan tó ti dípẹtà tó gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tó fá mi tán, ó fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú irun mi, ó ṣí agolo, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀, ó sì fi ọmọrí dé e, pá! Ẹni tó bá mọ ohun tó ti wà nínú agolo yẹn tẹ́lẹ̀ kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Irun àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì wọṣẹ́ sójà, wọ́n sì wá dágbére fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, lórí àpótí kan náà, abẹ kan náà ló fi fá orí wọn, ó bu díẹ̀ nínú irun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dà á pọ̀. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá kú sí òkèèrè tí a kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun orí rẹ̀ là ń sin dípò ara rẹ̀. Ẹ̀ta là ń pè é. Ìyá tó bá bu irun ọmọ pa mọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ ogun mọ ohun tó ń ṣe, kò kàn lè fẹnu sọ ọ́ ni.

Ogun parí. Bàbá mi dé, ó ń tiro. Àbúrò rẹ̀ kò dé.

Láti ìgbà náà, nírọ̀lẹ́, ìró odó ìyá àgbà kì í yára mọ́. Gbì. Gbì. Bí ẹni tó ń ronú láàárín gígún kan sí èkejì. Bó bá gún iyán tán, yóò bu òkèlè kan sínú abọ́, yóò bu ọbẹ̀ lé e, yóò dé e, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ. "Ti ẹni tó wà lọ́nà," ni yóò wí. Tílẹ̀ bá mọ́, èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Lójú mi nígbà náà, ogun kò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, olórí ẹbí kó àwọn àgbà ilé wá. Èmi àti ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa," ni olórí ẹbí wí, "ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ yìí kò ní dé mọ́. Gbé ẹ̀ta rẹ̀ wá ká sin ín, kó lè rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀."

Ìyá àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé agolo jáde, ó ṣí i síwájú wọn.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó ti kú. Irun ẹni tó wà láàyè náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣà á."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Irun dúdú kíká, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. A kì í sin irun alààyè mọ́ ti òkú. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, wọ́n ti sin ín tán nìyẹn. Bàbá mi, tó ti gbọ́ ìró ìbọn ńlá, fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ó ní. "Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ẹ má fi irun fà mí padà."

"Sójà!" ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wí. "Irun ló wá ń lé ọ báyìí?"

Ẹ̀rín kékeré kan sọ, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí agolo náà. Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo lórí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ Kàdúná: "Ìyá àgbà, n kò lọ ogun o! Irun ni mò ń lọ kọ́!"

"Mo mọ̀." Ó nu abẹ sára ìró rẹ̀. "Bàbá rẹ ló ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀ kí wọ́n má baà sin ín. Bí bàbá rẹ bá wá lọ ńkọ́? Ta ni yóò ṣọ́ àbúrò rẹ̀?"

N kò lóye. Ó da omi lé mi lórí, mo ń sunkún, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru omi náà.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́, ọwọ́ mi ni agolo rẹ̀ sì bọ́ sí. Bàbá mi náà gbó, ó tọ́, ó sì tẹ̀lé e lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe olùkọ́ nílùú Ìyìn, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹ irun. Ó ń tọpasẹ̀ àwọn tó ṣe sójà nínú ẹbí wa, ó fẹ́ kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi kó lè gba ohùn mi sílẹ̀.

"Ánkù, níbo la sin àbúrò bàbá àgbà sí?"

Mo sọ ìtàn agolo náà fún un. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ó ti bọ́ sí i nìyẹn! Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká sin agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tí yóò kọ̀ ọ́ nínú ẹbí."

Mo wúkọ́. "Irun tèmi wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gẹ irun jẹun! Ẹ ṣa tiyín."

Mo gbé agolo náà wá láti yàrá, mo ṣí i. Òórùn èéfín àti ìpẹtà jáde. Mo wò ó, mo tún wò ó. Àìmọye orí ló ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo ni tèmi. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè ìyá àgbà tó yé mi. Mo dé agolo, pá!

"Ánkù, àbí ẹ gbà pé ó ṣì wà láàyè ni?"

"Rárá. Ó ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Kọ ọ́ pé a kò tíì sin ín."

Agolo náà wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, lókè dígí. Àwọn oníbàárà rò pé páódà ló wà níbẹ̀. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé, n kì í gun ọ̀kadà, mo sì máa ń wo ọ̀tún wo òsì títí àwọn ọmọdé yóò fi sọdá títì fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní ojo ni mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá ṣubú, èmi nìkan kọ́ ni wọn yóò sin. Ọkùnrin kan tí n kò rántí ojú rẹ̀, tí mo jẹ iyán rẹ̀ láràárọ̀, yóò kú lọ́jọ́ náà pẹ̀lú mi.