Ọwọ́ Òsì Ọmọ Ọmọ Mi

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, títí dé orúkọ ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò ní kọ ọ̀kankan síbí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ṣì máa lọ sílé ọkọ, bí àwọn èèyàn bá sì ti so orúkọ àìsàn mọ́ ilé kan ní Alafiarou wa yìí, ó máa ń pẹ́ kí ó tó tú.

Ìyá rẹ̀, ọmọ mi, kú nígbà tí à ń ṣa kajú. Irun ló ń dì lẹ́bàá ọ̀nà ńlá ní Tchatchou. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé àwọn oníbàárà máa ń sùn lọ níwájú rẹ̀, tí wọ́n bá fi máa jí, irun ti parí. Ọwọ́ òsì ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún bọ́. Oníbàárà kan ní, "Tata, àbí oorun ń kùn yín ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà kò lè di irun mú mọ́, ó kan ọ̀tún, ó kan ẹsẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Parakou sọ fún èmi nìkan pé irú àìsàn yìí máa ń wọ inú ẹbí nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wálé, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá ń fọ abọ́, mò ń wò. Bó bá ń bó ẹ̀pà, mò ń wò. Mo rò pé kò mọ̀.

Ìgbà yẹn ni mẹ́tìrì tó ń kọ́ wọn nílé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pé kí àwa òbí wá, pé àwọn kan ń bọ̀ láti Parakou tó fẹ́ dán ọwọ́ àwọn ọmọ wò, láti mọ bí ọwọ́ ṣe ń yá sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, "Ọwọ́ ọmọ tèmi yá. Ẹ bi ẹran inú ìkòkò mi."

Ẹni tó ń dán wọn wò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Nàgó láti Savè, àwọn ọmọ ń pè é ní tonton, bí ọmọdé ṣe ń pe ọkùnrin tó jù ú lọ. Ó ya òbírí méjì sórí pátákó, ọmọ á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu èyí, á lu ìyẹn, kíákíá, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Wọ́n á tún ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, wọ́n á fi ọwọ́ kejì hán an. Ìgbẹ̀yìn ni ti àwọn igi kéékèèké: ọmọ á fi ọ̀tún kì wọ́n sínú ihò pátákó, á wá fi òsì yọ wọ́n sínú abọ́.

Ó kan ọmọ ọmọ mi. Ti ọ̀tún, ó yá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin tó ṣe ṣáájú ti lu bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń gbé abọ́ lé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi yẹ̀, nítorí náà tonton gbé abọ́ lọ́wọ́ kan, ó di aago mú lọ́wọ́ kejì. "Ó yá, òsì."

Ọwọ́ ọmọ náà falẹ̀. Igi kan bọ́ sílẹ̀. Òmíràn bọ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Ìyá arúgbó!" N kò gbọ́ ẹ̀rín náà mọ́. Òòyà ni mò ń rí tó ń bọ́.

Tonton yíjú sí mẹ́tìrì, ó sọ ọ́ ní Faransé pé ọwọ́ òsì eléyìí lọ́ra gan-an. Faransé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ìyẹn. Mo dìde. Obìnrin tó jókòó tì mí di aṣọ mi mú lẹ́yìn: "Ìyá, ìró yín ń tú." Mo fà á lọ bẹ́ẹ̀. Mo di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú lójú gbogbo èèyàn.

"Ó ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé kì í gbọ́ tìrẹ mọ́ ni?"

"Ó ń gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n má fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Tonton ló gbé abọ́ dání. Mo ń fi òsì yọ ọ́, mo sì ń gbé e sọ́tùn-ún kí n tó fún wọn. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́."

Èmi tí mo ti jókòó tí mò ń wò ó, ojú mi là sílẹ̀, n kò rí i pé ọmọ náà ń tẹ orúnkún bó ṣe ń fún un ní igi kọ̀ọ̀kan. Tonton náà kò rí i, aago ló ń wò. Ó gbọ́wọ́ lérí. "Ká ní ìyá tèmi wà níbí, ìgbátí ni n bá gbà." Ó gbé abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kúrò níwájú rẹ̀, ó ní kó tún un ṣe. Àwọn igi náà ń ró nínú abọ́ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Tonton ní òsì falẹ̀ ju ọ̀tún lọ díẹ̀, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé.

Mo mí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dìde.

"Tonton, tó bá wà lára mi, ṣé èyí á fi hàn?"

"Kí ni?"

"Èyí tó pa ìyá mi."

Mo di èjìká mẹ́tìrì mú. Tonton lóṣòó síwájú rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Bí ọwọ́ ṣe yá lónìí ni èyí ń sọ, kò mọ àìsàn. Dókítà ló lè mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọwọ́ rẹ dára."

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, mo bi í léèrè ẹni tó sọ fún un pé àìsàn náà máa ń wọ inú ẹbí.

"Ìyá mi ni. Wọ́n gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún yín."

Ó ní ìyá rẹ̀ ló kọ́ òun bí òun á ṣe máa dán ọwọ́ ara òun wò láràárọ̀: kí àtàǹpàkò kan ìka kọ̀ọ̀kan, lọ, bọ̀, kíákíá, lójú dídì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Nígbà tí ọwọ́ ìyá kò lè ṣe é mọ́, ó ń fi ẹnu kà á fún un.

"Wọ́n ní tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣì mí, kí n má sọ fún yín. Kí n sọ fún àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní ọkàn yín ò ní gbà á."

Mo dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Onízẹ́mìjàn kan fọn fèrè alùpùpù rẹ̀ lẹ́yìn wa, "Ìyá, ẹ yà fún mi," n kò lè yà, òun ló gba inú koríko kọjá. Yàrá kan náà ni a jọ ń sùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ń fi í pa mọ́ fún wọn, àwọn náà ń fi í pa mọ́ fún mi, ọmọ mi sì bá a lọ sínú ilẹ̀.

"Fi hàn mí," ni mo wí.

Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó dijú, ó ṣe é. Kò ṣi ìka kankan. Ó lajú. "Ẹ ṣe tiyín."

Mo dán an wò. Àtàǹpàkò mi fo ìka kan, ó padà, ó tún fò ó. Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá, tiyín ti bàjẹ́ pátápátá."

"Ogbó ni."

"Ogbó kọ́. Ìkánjú ni."

Mo ní, "Bó bá ṣì ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni kí o sọ fún, kì í ṣe àbúrò bàbá kankan. A ó jọ lọ bá dókítà." Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé àtàǹpàkò mi lé ìka tó kéré jù, ó ní kí n rọra bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.